Ta ni yóò san owó ìwòsàn wa: àpò kálukú tàbí àpò gbogbo wa?

Tíṣà Àgbà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Mo kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Láti ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wa kan ni èmi àti ojúlùmọ̀ mi, tí ó ní ilé ìtajà oògùn ní Adó, ti jókòó sí abẹ́ àtíbàbà kan náà. Àgbẹ̀ oníkòkó ni ẹni tí a ń sin. Àìsàn kíndìnrín ni ó pa á, ṣùgbọ́n kí ó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta oko kòkó méjì àti ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ láti fi san owó ẹ̀rọ tí ń bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀, títí owó fi tán, tí ọ̀nà sì dí. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń ṣàlàyé èyí fún wa, mo sọ pé bí ìjọba bá ń ṣe ojúṣe rẹ̀ lórí ìlera, oko náà ìbá ṣì wà, bóyá bàbá náà pàápàá ìbá ṣì wà. Ojúlùmọ̀ mi ní òun kò gbà. Ibẹ̀ ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì ṣú kí a tó dìde.

Ọdún 1951 ni a bí mi. Mo jẹ àǹfààní ètò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1955, tí ìwòsàn fi di ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Mo ṣì rántí dispẹ́nsárì tí ìyá mi máa ń mú mi lọ, bí a ṣe ń tò lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀, àti oògùn ibà kíkorò tí wọ́n ń dà sínú ìgò tí a gbé láti ilé wá. Kò sí ẹni tí ó béèrè owó lọ́wọ́ ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní in. Nígbà tí ẹgbẹ́ UPN gba ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ ní ọdún 1979, tí Olóyè Adékúnlé Ajásin di gómìnà, tí Èkìtì sì wà lábẹ́ Oǹdó nígbà náà, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà ṣèlérí. Ilé ìwòsàn ìjọba ni ìyàwó mi bí ọmọ wa kejì sí, a kò sì san kọ́bọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìjọba kò lè ṣe é, ohun tí ojú mi rí ni ó ń jà níyàn.

Ojúlùmọ̀ mi kò sọ pé irọ́ ni mo pa. Ó ní kòkó ni ó san owó ìgbà Awólọ́wọ̀, pé láti inú èrè tí ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ń yọ pamọ́ ni owó náà ti jáde. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni Èkìtì ń tà lónìí tí ó lè san irú owó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé owó tí Àbújá ń pín lóṣooṣù ni a ń wò lójú. Ó ní ìjọba tí kò rí omi ẹ̀rọ mú yọ ní àdúgbò òun, òun kò lè fi ẹ̀mí òun lé e lọ́wọ́. Ó tọ́ka sí Amẹ́ríkà, pé ibẹ̀ ni ìwòsàn ti dára jù láyé, pé kálukú ni ó sì ń san tirẹ̀. Ní ti òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, èyí tí ó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà, ó ní orí ìwé ni yóò kú sí, nítorí pé kò sí agbófinró tí yóò fi dandan mú obìnrin tí ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo dá a lóhùn lórí púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo gbé délé. Ó ní: “Tíṣà, ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò rí oògùn nílé ìwòsàn ìjọba ní ọjọ́ tí ó lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, kí ni ẹ fẹ́ sọ fún un kí ó tó yọ owó sílẹ̀ nítorí àìsàn ẹlòmíràn?” N kò rí èsì tí ó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ inú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni à bá wí?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Tíṣà. Ọlọ́run yóò tu àwọn ọmọ náà nínú.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Èkìtì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ìlú náà pamọ́. Nígbà tí mo ka ìtàn bàbá oníkòkó yìí, ọkàn mi kò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú rẹ̀ ni ọkàn mi lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tí ó ń ba kíndìnrín àwọn àgbàlagbà wa jẹ́ jù lọ, àwọn méjèèjì kì í sì í dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni náà yóò máa lọ sóko, yóò máa gun igi, kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ àìsàn bàbá náà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wíwọn ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ ìbá gbà ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn apá ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ń gbé, iye tí ìbá fi máa ra oògùn rẹ̀ lóṣù kò sì tó iye tí wọ́n fi san owó ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ kan. Ọ̀dọ̀ wa ni ó yẹ kí a ti gba oko kòkó náà là. Ìdí nìyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, fi ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ṣe ìpìlẹ̀ ìlànà ìlera ti ọdún 1988, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìjọba ìbílẹ̀ 52.

Ẹ béèrè ẹni tí yóò sanwó. Òfin ìlera ti ọdún 2014, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí, pa á láṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 nínú owó tí ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ọdún 2018 ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìṣúná fún ìgbà àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí òfin ti jáde, inú mi sì máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí àwọn tí wọ́n kú láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ adójútòfò, kí àwọn tí kò ní lè rí ìtọ́jú. Ìyókù wà fún oògùn, àtúnṣe ilé, òṣìṣẹ́ àti pàjáwìrì. Ohun tí ó yí iṣẹ́ tèmi padà ni pé apá kan nínú rẹ̀ ń wọ inú àkáǹtì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kò sì gba ọwọ́ ọ̀gá kankan kọjá. ₦300,750 ni ó jẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n kí ó tó dé, iná fóònù ni mo fi ń gbẹ̀bí lóru, tí ìyá aboyún yóò sì gbé omi wá láti ilé rẹ̀. Owó náà ni a fi ra iná tí ń lo oòrùn, tí a fi tún òrùlé yàrá ìgbẹ̀bí ṣe, tí a sì fi ra ẹ̀rọ ìfúnpá méjì.

A kò lè ná an bí ó ṣe wù wá. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tí ó jẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n wà níbẹ̀, gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú wa lórí ìwé ètò ìnáwó. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé wọ́ọ̀dù 177 ni Èkìtì ní, ní ọ̀pọ̀ ibi ni ìgbìmọ̀ yìí sì ti jẹ́ orúkọ lásán: ènìyàn méjì ni ó ń fọwọ́ síwèé, àwọn yòókù kò mọ̀ pé ìpàdé wà. Ibi tí tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì bá ti jókòó, tí ó ń béèrè rìsíìtì, owó kì í sọnù níbẹ̀.

Ní ti owó tí adójútòfò ń san fún wa, capitation ni orúkọ tí a ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Iye kan ni wọ́n ń san fún wa lóṣooṣù lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, yálà ó wá tàbí kò wá. Owó ẹni tí kò wá ni a fi ń tọ́jú ẹni tí ó wá. Bí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá forúkọ sílẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ aláìsàn, owó náà kò ní tó ra oògùn ibà. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, yóò tó, yóò sì ṣẹ́ kù. Ìpínlẹ̀ wa náà ní ètò Ulerawa, tí wọ́n fi ohùn wa sọ lórúkọ, fún àwọn tí agbára wọn kò ká owó ìwòsàn, mo sì ti rí àgbàlagbà tí ó ń sunkún ayọ̀ nígbà tí a sọ fún un pé kó máa lọ, kò ní san nǹkan kan.

N kò ní bo àléébù wa mọ́lẹ̀. Àwa mẹ́ta ni a kù nínú mẹ́fà tí a jọ bẹ̀rẹ̀. Méjì wà ní ìlú Òyìnbó báyìí, ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni ní Èkó. Owó a máa pẹ́ kí ó tó wọlé, ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, pákó ni ó ń wà lórí pẹpẹ oògùn wa.

Ìyá Elélùbọ́, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Èmi ni irú ẹni tí ojúlùmọ̀ Tíṣà ń sọ, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti ń tajà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó kàn.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ wa lọ́jà ni ó kó wa jọ, mo sì san ti ọdún kan fún èmi àti àwọn ọmọ. Nígbà tí ibà dá ọmọ mi dùbúlẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ oògùn, wọ́n ní oògùn ti tán, kí n lọ rà á níta. Nígbà kejì, bákan náà. Nígbà tí ọdún pé, n kò san mọ́, gbogbo ẹni tí a jọ san án ni kò sì san án mọ́. N kò lè parọ́ mọ́ ètò náà ṣá o. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi ń rọbí, tí wọ́n ní ó di iṣẹ́ abẹ, ìwé ètò yìí ni ó yọ wá. Obìnrin tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń sáré kiri ìlú lóru láti yá owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ẹ̀yin ń béèrè ohun tí ẹ lè sọ fún wa kí a tó yọ owó. Mo ń dá àjọ lójoojúmọ́ láti ogún ọdún. Alájọ mi a máa wá sí ìsọ̀ mi ní gbogbo ọ̀sán, yóò sàmì sí káàdì, bí oṣù bá parí, yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, yóò kó ìyókù fún mi. N kò mọ òfin kankan tí ó fi dandan mú mi. Mo ń san án nítorí pé mo mọ ilé rẹ̀, mo mọ ìyá rẹ̀, kò sì jẹ mí lówó rí. Adójútòfò ìlera, bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, àjọ ni, àyàfi pé ẹni tí àìsàn bá ṣe ni ó ń kó o. A kì í ṣe ọ̀tá irú rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan nínú wa bá bímọ tàbí tí òfò ṣe é, a ń dáwó jọ fún un. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà wúwo fún ẹni tí ń rí owó díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n gbà á bí owó àjọ, kí ẹni tí a mọ̀ gbà á, kí oògùn sì wà ní ọjọ́ tí a bá débẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù.

Ọmọ Ìdó, Leeds

Mo kí yín, Tíṣà, mo sì kí ìyá wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ Ìdó-Èkìtì ni mí, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìlú Leeds ni mo ń gbé báyìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí.

Ìtọ́jú ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní NHS, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948, Aneurin Bevan sì ni mínísítà tí ó gbé e kalẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n tó fún mi ní físà láti wá kàwé, mo san £776 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan fún ìlera nìkan, kí n tó mọ ibi tí ilé ìwòsàn wà. Nísinsin yìí tí mo ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù mi kí ó tó dé ọwọ́ mi. Bí dókítà bá kọ oògùn fún mi, £9.90 ni mo ń san lórí oògùn kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń gbé Scotland àti Wales kì í san án. Ọ̀rọ̀ pé kí aláìsàn san díẹ̀ lé e yìí kò tíì tán láti ìbẹ̀rẹ̀: ní ọdún 1951, nígbà tí ìjọba fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa san nínú owó eyín àtọwọ́dá àti awò ojú, Bevan fi ipò sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìdúró pẹ́ púpọ̀ níbí pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dúró ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún un. Síbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tí ó ta ilé rẹ̀ nítorí àìsàn ní ibí, bí bàbá oníkòkó bá sì jẹ́ ará Leeds, àwọn ọmọ rẹ̀ ìbá jogún oko wọn.

Ní ti Amẹ́ríkà, ojúlùmọ̀ yín kò gba gbogbo rẹ̀ tán. Láti ọdún 1965, nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin Medicare àti Medicaid, owó ìjọba ni ó ń gbé púpọ̀ nínú ìtọ́jú àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 65 àti àwọn aláìní. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí òfin mìíràn tí kò gba ilé-iṣẹ́ adójútòfò láàyè mọ́ láti kọ ẹni tí ó ti ní àìsàn lára tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni ìbéèrè yín gan-an dìde lọ́dọ̀ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè kọ aláìsàn, ẹni tí ara rẹ̀ le yóò dúró di ọjọ́ tí àìsàn bá dé kí ó tó wá forúkọ sílẹ̀, àpò náà yóò sì gbẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di dandan, tí wọ́n sì fi ìtanràn lé e. Àwọn kan gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti fi dandan mú ènìyàn ra ohunkóhun, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù dá ìjọba láre ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2019, ìtanràn náà ti di òdo nípasẹ̀ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017. Ẹ wá wò ó: orílẹ̀-èdè tí ó lówó jù pàápàá kò rọrùn fún láti fi òfin fa owó adójútòfò yọ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Elélùbọ́ ni ẹ̀rí yìí dúró sí. Èyí tí ó máa ń dùn mí níbí ni pé nọ́ọ̀sì tí ó gún mi lábẹ́rẹ́ kẹ́yìn, ọmọ Ìjerò-Èkìtì ni.

Alákẹ́mísì Adó

Èmi ni ojúlùmọ̀ tí Tíṣà ń sọ. Ó ti béèrè lọ́wọ́ mi kí ó tó kọ ọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, mo dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìbínú mi ti wá. Láàárọ̀ ni ìyá kan yóò wọlé, yóò ní kí n gé kápúsù mẹ́rin fún òun nínú oògùn tí ó yẹ kí ó lo fún ọjọ́ méje, nítorí pé owó mẹ́rin ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àìsàn náà yóò padà, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kiri oògùn nínú abọ́ ni yóò lọ. Ẹni tí ó ń rí èyí lójoojúmọ́ kò lè sọ pé kí kálukú máa san tirẹ̀, kí ayé sì dára. Nítorí náà, mo gbà pé ohun tí mo sọ nípa Amẹ́ríkà kò dúró dáadáa.

Ṣùgbọ́n mo ti bá ètò adójútòfò kan ṣiṣẹ́ rí. Mo kó oògùn fún àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi, mo kọ ìwé owó, wọ́n sì fi oṣù mọ́kànlá dá mi dúró. Nígbà tí owó náà dé, iye tí mo fi ra oògùn ti di ìlọ́po méjì. Ìdí tí oògùn fi tán ní ọjọ́ tí Ìyá Elélùbọ́ lọ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹnì kan jí i, ìgbà mìíràn, ẹni tí ó yẹ kó gbé oògùn wá ni wọ́n jẹ ní gbèsè títí ó fi dáwọ́ dúró. Oṣù kẹfà ọdún 2005 ni ètò ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦750 lóṣù ni capitation tí nọ́ọ̀sì sọ lórí ẹnìkan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ₦1,450 ní ọdún 2025. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pé èló ni ó ń ra tirẹ̀ lóṣù.

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo wa ni yóò dá a, mo fara mọ́ ọ̀nà tí àwọn ará Ghana gbà ju ti wa lọ. Òfin wọn ti ọdún 2003 fi ìdá 2.5 nínú 100 lé owó ọjà àti iṣẹ́, wọ́n sì fi apá kan nínú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kún un. Ẹni tí ó ra mílíìkì ti san, ẹni tí ó ra símẹ́ǹtì ti san, kò sí ẹni tí yóò máa lé obìnrin oníbọ̀ọ̀lì kiri. Tiwọn náà ní wàhálà gbèsè o, n kò sọ pé ó pé. Tíṣà, ẹ máa ń rán mi létí 1955, ẹ rántí pẹ̀lú pé ìjọba Awólọ́wọ̀ kọ́kọ́ fi owó orí kún un nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, inú sì bí àwọn ènìyàn débi pé ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi lọ́wọ́ NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Wọ́n gba owó náà, wọ́n sì fara gba ìyà rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, àwọn ènìyàn rí ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà wá sí Àbújá wa níbí ní ọdún 2001, wọ́n ní ìdá 15 nínú 100 ìṣúná ni àwọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo bá rí ìjọba tí ó dé ibẹ̀, tí ó sì san gbèsè láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò tijú láti sọ pé mo ti gbàgbé ìbò 1954 pátápátá, bẹ́ẹ̀ bàbá mi wà lára àwọn tí inú bí nígbà náà.

Mo rí i báyìí pé ọ̀nà òdì ni èmi àti ojúlùmọ̀ mi gbé iyàn náà gbà. Mo ń jà pé ìjọba ni ó yẹ kó ṣe é, ó ń jà pé ìjọba kò ṣe é tọ́, àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì tako ara wọn. Èsì tí n ó fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò rí oògùn, ni pé kò jẹ̀bi bí kò bá san lónìí, ṣùgbọ́n kí ó wá bá mi jókòó sí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù kí a lè mọ ibi tí oògùn náà há sí. Ní ti owó ọjà bíi ti Ghana, ẹ̀rù obìnrin tí ń ra gààrí kọ́ńgò kan ṣì ń bà mí, n kò sì tíì gbà fún Alákẹ́mísì pátápátá.

Nọ́ọ̀sì wa, mo lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti wọ́ọ̀dù mi láàárọ̀ òní. Mo béèrè alága ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ó ti kú láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì sí ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́rú ni wọ́n fi ìpàdé sí, mo sì ti sọ fún wọn pé n ó wá. Alákẹ́mísì ti ṣèlérí láti gbé ẹ̀rọ ìfúnpá méjì wá láti Adó ní ọjọ́ ọjà wa tí ó ń bọ̀, àwọn ọmọ bàbá oníkòkó ni a ó sì kọ́kọ́ wọ̀n.